Iná Ló Ń Jẹ́ Iṣẹ́, Afẹ́fẹ́ Ló Ń Ṣe É: Súìṣì, Sẹ́ńsọ̀ àti Rílè Nínú Ẹ̀rọ Aláfẹ́fẹ́

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ méjì ni mo bá nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ omi kékeré kan ní ìhà Òkè-Àró ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan ti gbó, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó. Èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà ni, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ìgò ike dúró gbagidi láàárín ilé, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sórí kéréètì, wọ́n ń wò mí. Bàbá tó ni ibẹ̀ ní, "Ẹnjiníà, ẹni tó wá ṣáájú yín ní afẹ́fẹ́ ni kò tó. Mo lọ ra òmíràn. Ibi tó wà náà ló ṣì wà."

Mo wo ojú mítà afẹ́fẹ́, ó dúró sí 6 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́). Mo fi ẹnu súkúrù-díráfà tẹ ojú kékeré kan lára fáàfù, sílíńdà jáde, gbì! Mo yọwọ́, ó padà sílé. Mo ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ yín pé. Ẹnì kan ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an."

Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ tú palẹ̀, nítorí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ná owó sí ibi tí kò dùn wọ́n. Ohun tó ń mú kí irú ẹ̀rọ yìí rú èèyàn lójú ni pé nǹkan méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀, iná àti afẹ́fẹ́. Rìwáyà tó mọ iná dunjú á bá họ́ọ̀sì pàdé, á fà sẹ́yìn. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tinú-tòde á rí pánẹ́ẹ̀lì, àpótí tí wọ́n kó wáyà àti rílè sí, á ní kì í ṣe iṣẹ́ òun. Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé rárá. Yorùbá ní a rán èèyàn níṣẹ́, ẹni náà lọ jẹ́ iṣẹ́, ẹni tí ó jẹ́ ẹ fún wá ṣe iṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ tí mò ń sọ yìí, iná ló ń jẹ́ iṣẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Iná tó ń gba inú wáyà tín-ín-rín yẹn, 24 fóòtì péré, kì í gbé ẹrù. Ọ̀rọ̀ ló ń gbé kiri: ìgò ti dé; ọ̀pá ti jáde tán; ó tó, dúró. Afẹ́fẹ́ ló ń tì, òun ló ń fà, òun ló ń tẹ ìdérí mọ́ orí ìgò.

Ẹ má sì fojú kéré afẹ́fẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń wà láàárín 2 sí 2.5 bar. Bíi 6 ni ilé iṣẹ́ ń lò. Tí 6 bar bá ti písítìnì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 50 mílímítà, agbára rẹ̀ tó ti ẹrù 120 kílò, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lọ, tó jókòó lé ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka èèyàn kò lè bá a du ibẹ̀.

Sílíńdà ni apá ẹ̀rọ. Páìpù kan ni, tí orí rẹ̀ méjèèjì dí, písítìnì wà nínú rẹ̀, ọ̀pá irin so mọ́ písítìnì náà. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, ọ̀pá jáde. Afẹ́fẹ́ gba iwájú wọlé, ọ̀pá padà. Irú kan wà tó jẹ́ pé sípíríǹgì ló ń dá a padà. Fáàfù ló ń pinnu ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà. Èyí tí ẹ máa rí jù ni wọ́n kọ 5/2 sí lára. Àwọn kan máa ń kà á bí ẹni ń ka ìdá nínú ìṣirò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ihò márùn-ún ló ní, ipò méjì ló sì lè wà. Ihò 1 ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ihò 2 àti 4 ló lọ sínú sílíńdà. Ihò 3 àti 5 ni afẹ́fẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ tán ń gbà jáde. Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀nà márosẹ̀ Iléṣà sí Ọ̀wọ̀ tí tírélà dúró níwájú rẹ̀ ti gbọ́ ohùn afẹ́fẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ tán rí: fíììì! Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi ọ̀rá dí ihò 3 àti 5 pa nítorí ó rò pé afẹ́fẹ́ ń jò. Sílíńdà rẹ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà níwájú písítìnì kò ríbi jáde, èyí tó wà lẹ́yìn kò ríbi tì í sí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù ni kọ́ìlì wà, wáyà kọ́pà tí wọ́n wé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Tí iná bá wọ inú rẹ̀, ó di òòfà, ó fa irin kékeré kan mọ́ra, irin náà ṣínà fún afẹ́fẹ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ yẹn ló sì ti ọ̀pá inú fáàfù lọ sí òdìkejì. Ibẹ̀ ni iná ti fa ọ̀rọ̀ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ojú kékeré tí mo tẹ̀ ní Òkè-Àró wà lára ọ̀pọ̀ fáàfù báyìí. Ó ń jẹ́ ká fi ọwọ́ yí fáàfù láìsí iná. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí sílíńdà sì rìn dáadáa, ẹ ti mọ̀ pé láti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ títí dé sílíńdà kò sí wàhálà, ẹ lè kọjú sí ẹ̀gbẹ́ iná. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, ìbá sì ti gba bàbá yẹn lọ́wọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kejì.

Nísinsìnyí, súìṣì. Ọmọ FUTA kan tó wá ṣe IT lọ́dọ̀ mi bi mí pé, "Ọ̀gá, kí ló yàtọ̀ nínú súìṣì àti sẹ́ńsọ̀? Ṣebí méjèèjì ló ń tan nǹkan?" Mo ní kó lọ ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Iná inú rẹ̀ tàn. Mo ní kó wá ohun tó tàn án. Ó wò ó títí, ó rí bọ́tìnnì funfun kan létí ibi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé fíríìjì. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, iná kú. Ó yọ ìka, iná tàn. Ó yí ojú padà, ó ní, "Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ló ń kú? Ti agogo ẹnu ọ̀nà, tí a bá tẹ̀ ẹ́ ló ń dún."

Ibi tí mo fẹ́ kó dé gan-an nìyẹn. Bọ́tìnnì agogo ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, wáyà inú rẹ̀ kò kan ara wọn. NO, ìyẹn normally open, ni wọ́n ń kọ sí lára irú rẹ̀. Ti fíríìjì, tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ ẹ́, wáyà inú rẹ̀ kan ara wọn. Ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló tó já. NC, ìyẹn normally closed, nìyẹn. Nọ́ńbà ara wọn náà máa ń sọ ọ́: kọ́ńtáàtì (ibi tí wáyà ti ń kan ara wọn) tó bá parí sí 3 àti 4, bíi 13 àti 14, NO ni, èyí tó bá parí sí 1 àti 2, bíi 21 àti 22, NC ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà láti bi ara yín: nígbà tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ṣé iná ń kọjá?

Nǹkan kan wà níbí tó ń da ọmọ Yorùbá láàmú ju ẹlòmíràn lọ, mi ò sì rí ẹni tó ń sọ ọ́. Tí a bá ní ilẹ̀kùn ṣí, a lè kọjá. Tí a bá ní ẹ̀rọ omi ṣí, omi ń dà. Fáàfù tó ṣí, afẹ́fẹ́ ń kọjá. Ṣùgbọ́n nínú ìwé iná, kọ́ńtáàtì tí wọ́n bá ní ó ṣí, iná kò lè gba ibẹ̀ kọjá, ó dà bí afárá tí wọ́n gbé àárín rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì tó kọjú ìjà síra wọn, nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo! Nítorí náà, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, a kì í sọ ṣí tàbí pa fún iná mọ́. Ó kan, tàbí kò kan. Ṣí àti pa, ti afẹ́fẹ́ nìkan ni. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe àwọn ọmọ iṣẹ́ ti dínkù.

Bọ́tìnnì pàjáwìrì ni mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ rántí ohun mìíràn. Pupa ni, orí rẹ̀ fẹ̀ bí olú, àyíká rẹ̀ yẹ́lò. Tí ẹ bá gbá a wọlé, ó dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi yí i tàbí fà á jáde. NC ni kọ́ńtáàtì inú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ NO láé. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ká ní NO ni, pé ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni iná tó máa lọ sọ fún ẹ̀rọ pé kó dúró. Eku wá jẹ wáyà rẹ̀ lóru. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ, àfi ọjọ́ tí ọwọ́ ẹnì kan bá há, wọ́n á gbá bọ́tìnnì, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ NC, iná ń kọjá nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, ó ń wí pé àlàáfíà ni. Bí eku bá jẹ wáyà náà, iná já, ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀. Wáyà tó já àti bọ́tìnnì tí wọ́n gbá, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe búrèkì ìdúró tírélà: sípíríǹgì ló ń dì í mú, afẹ́fẹ́ ló ń tú u sílẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá tán, búrèkì dì. Mo ti bá bọ́tìnnì pàjáwìrì tí wọ́n ti fi wáyà so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì nítorí pé "ó ń dá iṣẹ́ dúró". Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà títí wọ́n fi jẹ́ kí n tú wáyà yẹn.

Láàárín súìṣì àti sẹ́ńsọ̀, ẹnì kan wà tó dà bí àbúrò àwọn méjèèjì: súìṣì òpin ìrìn, èyí tó ní apá kékeré àti kẹ̀kẹ́ lórí. Ọ̀pá sílíńdà ló ń rìn wá tẹ̀ ẹ́. Súìṣì ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ènìyàn. Èyí ni mo fi dá ọmọ FUTA yẹn lóhùn. Bọ́tìnnì jẹ́ ẹnu ọ̀gá, àṣẹ ló ń gbé wá. Súìṣì òpin ìrìn àti sẹ́ńsọ̀ jẹ́ ojú, ìròyìn ni wọ́n ń mú wá. Ohun tó ya sẹ́ńsọ̀ sọ́tọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní kí nǹkan fara kàn wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé ó dé.

Ìkan nínú wọn ni reed, òun ló sì da bàbá Òkè-Àró láàmú. Walter Ellwood ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ló ṣe é ní 1936. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, nítorí kékeré ni. Ọ̀pá díńgí tín-ín-rín kan, tí wọ́n yọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì pa. Abẹ́ irin méjì pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀, ọ̀kan gba ọ̀tún wọlé, ọ̀kan gba òsì, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, àlàfo tó wà láàárín kò ju ti irun orí lọ. Tí òòfà bá sún mọ́ ọn, abẹ́ méjèèjì fa ara wọn, wọ́n kan, iná kọjá. Òòfà lọ, wọ́n tú. Lára písítìnì inú sílíńdà, wọ́n ti fi òòfà kan yí i ká bí òrùka. Alumíníọ̀mù ni ara sílíńdà, òòfà kì í fà á, agbára òòfà sì ń gba inú rẹ̀ jáde. Reed wà níta, wọ́n fi súkúrù kékeré dè é mọ́ ara sílíńdà. Bí písítìnì ṣe ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀, ó rí i láìlàjú. Iná pupa kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ á tàn.

Ní Òkè-Àró, mo fi ẹnu súkúrù-díráfà tẹ fáàfù, sílíńdà jáde tán, mo sì fojú sí reed iwájú. Iná rẹ̀ kò tàn. Mo fi èékánná gbá a, ó mì. Súkúrù tó dè é ti tú nítorí ẹ̀rọ máa ń gbọ̀n, ó sì ti yọ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi sí, bóyá ìwọ̀n ìbú èékánná ọmọdé. Mo tì í padà díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀. Ó tàn. Mo dé e mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ gbéra. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni pé sílíńdà ń jáde, ìròyìn pé ó ti jáde kò dé pánẹ́ẹ̀lì, pánẹ́ẹ̀lì sì dúró de ìròyìn náà. Kò burú fún un láti dúró. Ó yẹ kó dúró. Bàbá wo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tuntun, ó wo mí, kò lè sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ó dùn mí fún un.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nípa reed oníwáyà méjì: ẹ má ṣe so ó mọ́ iná tààrà láti dán an wò. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tó máa jẹ iná náà, bíi kọ́ìlì rílè tí mo ń bọ̀ wá sọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́ inú rẹ̀ á kan, iná á ya wọlé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra títí ayé.

Sẹ́ńsọ̀ kejì ni èyí tó ń rí irin nìkan. Walter Pepperl àti Wilfried Gehl ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Mannheim, ní Jámánì, ní 1958. Kọ́ìlì wà lórí rẹ̀ tó ń da agbára òòfà sílẹ̀ ní wàrà-wàrà. Irin tó bá wọ àárín rẹ̀ á jẹ nínú agbára náà, sẹ́ńsọ̀ á mọ̀ ọ́n lára. Kì í ríran jìnnà. Èyí tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 18, tí orí rẹ̀ wọ inú irin, máa ń rí irin dé mílímítà 5. Alumíníọ̀mù àti kọ́pà kò ní tó ìdajì rẹ̀. Kò rí ike. Kò rí igi. Kò rí omi.

Ẹkẹta rí gbogbo rẹ̀: ike, gààrí, omi, ìyẹ̀fun, àní ọwọ́ yín pàápàá, nítorí ohunkóhun tó bá dé iwájú rẹ̀ ló ń yí bí ó ṣe ń tọ́jú iná padà, omi sì ń yí i jù. Ẹni tó bá ń ṣe kòkó ní Ilé-Olújì tàbí Oǹdó tó fẹ́ mọ̀ bóyá kòkó ti kún agbada ńlá tí kò ríbi yọjú wò ó, irú èyí ló máa lò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹkẹta yìí àti èkejì jọra bí ìbejì: ìwọ̀n kan náà, irin dídán kan náà, wáyà mẹ́ta kan náà. Wọ́n pè mí síbì kan tí wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́, tí ìgò sì ń kọjá lọ láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kà á. Mo fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi yọ, mo fi sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ tuntun yẹn, iná rẹ̀ tàn. Mo fi ìgò sún mọ́ ọn, ó kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọmọ iṣẹ́ wọn lè rí i. Sẹ́ńsọ̀ náà kò ní àbùkù kankan. Wọ́n ti fi ẹni tó ń rí irin nìkan ṣọ́nà fún ike.

Èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ríran kò ní kí n pẹ́ níbẹ̀. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ lọ, ó sì ń wò bóyá ó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, tàbí bóyá ó padà sọ́dọ̀ òun. Ìgò tó mọ́ gaara a máa tàn án jẹ nítorí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó lójú. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún láràárọ̀, ẹ má fi etí ẹ̀wù tó ti dọ̀tí nù ún, ojú rẹ̀ á ha.

Èyí tó kù ni súìṣì agbára afẹ́fẹ́, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ lọ jókòó sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ń lẹ táyà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ tó bá ń lo iná á máa pariwo, lójijì á dákẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Tó bá fún táyà mélòó kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ti sípíríǹgì kan nínú rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá borí, iná já. Tí sípíríǹgì bá borí, iná kan. Nínú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, irú rẹ̀ ló ń sọ fún pánẹ́ẹ̀lì pé afẹ́fẹ́ ti tó, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Nípa wáyà mẹ́ta ara sẹ́ńsọ̀: èyí tó ní àwọ̀ búráùn ni 24 fóòtì, búlúù ni òdo, dúdú ni ẹnu tí sẹ́ńsọ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Rìwáyà ọkọ̀ ni mo máa ń bẹ̀ jù níbí, nítorí nínú ọkọ̀, dúdú ni wáyà ilẹ̀, ìyẹn òdo. Tí ẹ bá so dúdú yìí mọ́ ilẹ̀, ẹ ti di ẹnu sẹ́ńsọ̀ pa, èyí tí kò bá sì ní ààbò nínú lè jóná. Bákan náà, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá PNP ni tàbí NPN. Nígbà tí PNP bá rí nǹkan, ó fi iná ránṣẹ́ jáde láti ẹnu wáyà dúdú. NPN ń ṣe òdìkejì rẹ̀, ó ń fa iná wọlé lọ sí òdo. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń retí ọ̀kan kò ní gbọ́ èkejì. Iná ẹ̀yìn sẹ́ńsọ̀ á máa tàn, ẹ ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Rílè wá ni ẹni tó jókòó láàárín, tó ń gba ìròyìn, tó ń pàṣẹ. Joseph Henry ti Amẹ́ríkà ló ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí 1835. Kọ́ìlì kan wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ni A1 àti A2. Iná wọ kọ́ìlì, òòfà fa irin, irin náà tẹ kọ́ńtáàtì mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kékeré kan wọlé, àṣẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde, tí ọ̀kan kò sì mọ ọ̀kan.

Iṣẹ́ rílè tó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí iná NEPA ń lọ tó ń bọ̀ ni kó di ara rẹ̀ mú. Ẹ tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé, iná wọ kọ́ìlì, rílè tẹ kọ́ńtáàtì rẹ̀. Ọ̀kan nínú kọ́ńtáàtì yẹn ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé, débi pé nígbà tí ẹ bá yọwọ́, iná ti rí ọ̀nà mìíràn gbà wọ kọ́ìlì. Rílè ń fún ara rẹ̀ lóúnjẹ. Bọ́tìnnì pupa, tó jẹ́ NC, wà lójú ọ̀nà yẹn; tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, oúnjẹ já, rílè tú. Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́? Ó tú náà. Tí wọ́n bá sì dá iná padà, kò ní gbéra fúnra rẹ̀, àfi kí ènìyàn tún tẹ bọ́tìnnì. Ẹ fi wé ẹni tó lo súìṣì lásán bíi ti gílóòbù ilé. Iná lọ, òṣìṣẹ́ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀rọ láti fa ìgò tó há jáde, súìṣì ṣì wà níbi tó wà. Iná dé. Mi ò fẹ́ sọ ìyókù. Ẹ̀rọ tó bá ń tì, tó ń gé, tàbí tó ń tẹ nǹkan, tí ẹ bá rí i pé ó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó pe ẹni tó máa tún un ṣe.

Fáàfù náà ní ọ̀rọ̀ sọ nípa iná tó lọ. Èyí tó ní kọ́ìlì kan àti sípíríǹgì, tí iná bá lọ, sípíríǹgì á dá a padà sílé, sílíńdà á sì padà. Èyí tó ní kọ́ìlì méjì máa ń dúró síbi tí wọ́n bá a, ó ń rántí. Kò sí èyí tó dára ju èkejì lọ níbi gbogbo. Ohun tó ń di ẹrù wúwo mú, ẹ fún un ní kọ́ìlì méjì, kó má baà tú u sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ènìyàn nígbà tí iná bá lọ. Ohun tó ń ti nǹkan lásán, ẹ fún un ní sípíríǹgì, kó padà sílé. Ẹ má sì jẹ́ kí iná wọ kọ́ìlì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ gba iná ló máa di fáàfù mú, èkejì á máa gbóná lásán.

Rílè aláago náà wà, tó ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó tẹ kọ́ńtáàtì rẹ̀, kí omi lè kún ìgò. Níbi tí rílè bá ti pọ̀ jù, wọ́n ń lo PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka gbogbo sẹ́ńsọ̀, tó ń ronú, tó ń pàṣẹ, tó tún ń bẹ̀rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iléeṣẹ́ mọ́tò General Motors ló ń wá irú rẹ̀ ní 1968 nítorí pé títún wáyà rílè so nígbà gbogbo ti sú wọn. Ṣùgbọ́n PLC kò rí ju ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sọ fún un lọ. Tí wọ́n bá gbé PLC tó gbówó lórí jù lọ sí Òkè-Àró lọ́jọ́ yẹn, òun náà ìbá dúró de reed tó ti yọ̀ kúrò láyè rẹ̀.

Omi inú afẹ́fẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ ní kíákíá. Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ìlú wa, pàápàá lásìkò òjò, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá sì fún un pọ̀, omi inú rẹ̀ á jáde sí ìsàlẹ̀ tánkì. Bí ẹ kò bá ń tú u dànù láràárọ̀, á bá họ́ọ̀sì lọ, á wọ fáàfù, ọ̀pá inú rẹ̀ á le. Lẹ́yìn náà wọ́n á sọ fún yín pé kọ́ìlì ló jóná.

Ní ìparí ọjọ́ yẹn ní Òkè-Àró, bàbá bi mí pé, "Tí mo bá ti pa iná pátápátá, ṣé mo lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?" Mo ní rárá, bàbá. Ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ lẹ lé lọ, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ṣì wà nínú ilé. 6 bar ṣì wà nínú họ́ọ̀sì, ó ṣì wà lẹ́yìn písítìnì, ohun kékeré tó bá yẹsẹ̀ lè jẹ́ kó gbá ọwọ́ yín. Mo fi fáàfù ọlọ́wọ́ kan sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ nítòsí pánẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí ẹ bá tì í, ó dá afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dúró, ó sì tú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ jáde. Mo ní kó dán an wò fúnra rẹ̀. Ó tì í. Fíììì, ó pẹ́ díẹ̀. Ó fojú sí mítà, ó ń wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti 6 sí 4, sí 1, títí ó fi dé òdo, kó tó na ọwọ́ sí ìgò tó há.